Ẹ Bi Wá Léèrè Kí Ẹ Tó Fa Eyín Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Eyín Nàìjíríà

Sí Ààrẹ ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣẹ, àti gbogbo ẹ̀yin dókítà eyín tó wà nílé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àfaradà. À ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ kí iná má baà lọ nígbà tí ẹnu aláìsàn ṣì là sílẹ̀, a sì mọ iye àwọn akẹgbẹ́ yín tó ti jápa wá bá wa níbí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, n kò wá bá yín jà. Inú ẹnu mi lọ̀rọ̀ náà wà, ẹnu kan náà ni màá sì fi sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, gúúsù London ni mò ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, tí ojú mi kan sì ń ríran bàìbàì. Wọ́n fi mí sínú ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, wọ́n ní multiple sclerosis ni, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní MS. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí àwọn mìíràn tó máa ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Wọ́n á máa jẹ ìbòrí tó wà lára iṣan ìmọ̀lára nínú ọpọlọ àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìgbà tí eku bá jẹ awọ ara wáyà iná. Iná á máa ṣẹ́jú, á máa ta síra, nígbà mìíràn kò ní dé ibi tó ń lọ rárá. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfiṣe. Àwọn tó ní in lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 2.8, àwọn tó wà ní Britain nìkan lé ní 150,000, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ọ́ sí àwọn dókítà eyín òyìnbó tó wà nítòsí mi. Àtirí wọn gan-an ni wàhálà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé ìwòsàn eyín kan ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláìsàn NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, ní St Pauls, ní ìlú Bristol. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló tò gba ojú pópó, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá dé síbẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kò lè bá wọn tò. Ẹni tó bá sì ráyè wọlé, ní iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní England ní oṣù Kẹrin 2025, £27.40 ló ń san nígbà náà kí wọ́n tó yẹ ẹnu rẹ̀ wò lábẹ́ NHS. Bí wọ́n bá máa dí ihò tàbí fa eyín, £75.30 ni nígbà náà, bó bá sì kan eyín àtọwọ́dá, £326.70. MS nìkan kò yọni nínú owó yìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà níbí ni pé, "Tí mo bá délé ní December, màá ṣe eyín mi." A máa ń ṣe é lóòótọ́. Láàárín ìgbéyàwó kan sí ìsìnkú kan, a ó yà sọ́dọ̀ yín ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, a ó la ẹnu, a ó sì ní kí ẹ tètè ṣe é nítorí ọkọ̀ òfuurufú wa kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ráńtí sọ pé a ní MS. A rò pé ti ẹsẹ̀ ni, pé kò kan eyín.

Àwọn tí kò kúrò nílé rárá náà wà níbẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, kọ ọ́ láyé tirẹ̀ pé MS ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n nílé ju ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ MRI kò tíì sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó wà báyìí náà kò kárí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ẹ̀kọ. Ẹni tí wọn ò tíì ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ kò ní orúkọ kan tó máa pe ohun tó ń ṣe é. Ó kàn ń ṣubú ni, wọ́n sì ń gbé e kiri orí òkè àdúrà. Eyín á dun irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń dun gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ yín ni yóò sì wá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an rèé. Obìnrin kan wà tí a jọ ń pàdé nínú ẹgbẹ́ àwa tí a ní MS, ọmọ Oǹdó ni. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é, ìrora kan mú un ní àgbọ̀n apá òsì nígbà tó lọ sílé fún ìsinmi. Ó ní ńṣe ni iná ń gbé òun lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó gba ilé ìwòsàn eyín kan lọ. Wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n rí eyín ẹ̀yìn kan tí wọ́n ti dí tipẹ́tipẹ́, wọ́n fà á. Ìrora náà kò lọ. Ó padà lọ, wọ́n fa èyí tó tẹ̀ lé e. Ìrora náà wá jókòó sórí àlàfo níbi tí kò sí eyín kankan mọ́. Ó di ìgbà tó padà sí London kí dókítà kan tó bi í bóyá afẹ́fẹ́ lásán máa ń dá a sílẹ̀, bóyá fífọwọ́ kan ètè tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Trigeminal neuralgia ni. Kì í ṣe eyín ló ń dùn ún. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti àgbọ̀n lọ sí ọpọlọ ni MS ti jẹ ìbòrí rẹ̀ níbi tó ti ń wọ inú ọpọlọ.

Ẹni tó ní MS fi nǹkan bí ìlọ́po 20 sún mọ́ ìrora yìí ju ẹni tí kò ní in lọ. Bí ó bá wá mú ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 40 ọdún, tàbí tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, MS wà lára ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin, kì í ṣe oníṣègùn ọpọlọ, ni dókítà àkọ́kọ́ tí àìsàn náà máa yọjú sí. Iṣẹ́ yín tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí aláìsàn bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọlé, ẹ fún un láyè kó ṣàlàyé irú ìrora náà fúnra rẹ̀. Eyín tó ti jẹrà dé inú máa ń ro, á máa lù kìkì, ó lè fi wákàtí pípẹ́ ro, kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Tíì gbígbóná tàbí omi tútù á dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá fi irin kan eyín náà, ẹni náà á fò. Iṣan ojú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ta lójijì, á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kì í kọjá ìṣẹ́jú méjì, á dáwọ́ dúró, á tún ta. Ohun tó ń dá a sílẹ̀ kì í ṣe ohun tó le: búrọ́ọ̀ṣì tó kan ètè, afẹ́fẹ́ fáànù, pàùdà tí a fi ń para, irùngbọ̀n tí ọkùnrin ń fá, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Kì í sábà jí èèyàn lójú oorun. Paracetamol kò lè ṣe nǹkan kan fún un, ibuprofen náà kò lè ṣe é. Ẹ ya àwòrán eyín náà, ẹ fi òtútù dán an wò, ẹ fi irin kàn án. Bí ẹ ò bá rí ìdí kan gbòógì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á lọ́jọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé aláìsàn fúnra rẹ̀ á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ fà á. Ẹni tí ìrora yìí bá mú, bí ẹ bá ní orí lẹ fẹ́ gé, á nà án fún yín. Ẹ má ṣe gbọ́ tiẹ̀. Ẹ kọ ìwé kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Carbamazepine ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un, bó bá sì jẹ́ iṣan ojú ni lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ló máa ń rí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀: ó máa ń fa òòyì, ó lè mú kí ẹni tí MS ti ń mú ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tẹ́lẹ̀ túbọ̀ máa ta, àwọn dókítà sì máa ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn oògùn apakòkòrò. Bí ẹ bá fún ẹni tó ń lo carbamazepine ní erythromycin tàbí clarithromycin nítorí pé èrìgì rẹ̀ wú, carbamazepine yóò pọ̀ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé ó lè di májèlé. Ẹni tó bá sì ń lo tizanidine nítorí kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà le gbagidi kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ciprofloxacin rárá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì dákú. Ẹ̀yin ò ní ṣe irú ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé: kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti dúró lẹ́nu kẹ́míìsì, ó ti ní "ẹ bá mi fún eyín", wọ́n sì ti ka ciprofloxacin sínú ọ̀rá fún un. Ẹ bi í ní ohun tó ti lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Ní ìlú Schiedam, ní Netherlands, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lidwina ṣubú lórí omi dídì ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jáde láyé ní 1433. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ dárúkọ ìrora eyín tó burú jáì láàárín ohun tó jìyà rẹ̀. Àwọn oníṣègùn kan lóde òní gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ MS. Ìjọ Kátólíìkì sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ẹni tó mọ ìrora ojú yìí kò ní bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ìrora wàyí, kí n bọ́ sórí èyí tí kì í dunni, tó sì ń ba eyín wa jẹ́ jù: ẹnu gbígbẹ. Kì í ṣe MS gan-an ló sábà máa ń fà á, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ wo àkọsílẹ̀ oògùn ẹnikẹ́ni nínú wa. Oxybutynin tàbí solifenacin wà níbẹ̀ kí àpò ìtọ̀ má baà dójú tì wá láwùjọ. Amitriptyline wà níbẹ̀ fún ìrora. Baclofen tàbí tizanidine wà níbẹ̀ fún iṣan tó ń le. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbẹ itọ́, ẹlòmíràn sì ń lo mẹ́ta pọ̀. Itọ́ ló ń fọ àṣẹ́kù oúnjẹ kúrò lára eyín, òun ló ń dín kíkan inú ẹnu kù, òun ló sì ń dá èròjà líle padà sára eyín lẹ́yìn oúnjẹ. Níbi tí kò bá ti sí itọ́, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà ní ìdí, lẹ́bàá èrìgì, níbi tí kì í ti í sábà jẹrà.

Ohun méjì ló wá ń bà á jẹ́ sí i, tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá. Èkíní, àwa tí àpò ìtọ̀ ń dà láàmú kì í mu omi. Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, omi kò ní kan ọ̀nà ọ̀fun mi láti àárọ̀, nítorí n kò mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ẹnu tí oògùn ti gbẹ, ìbẹ̀rù tún ń gbẹ ẹ́. Èkejì ni ohun tí a fi ń rọ ẹnu. Nílé, TomTom ni. Ọ̀kan bọ́ sẹ́nu, òmíràn tẹ̀ lé e, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ṣúgà ni, ó sì ń bá eyín gbé ní gbogbo ọjọ́. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, á jẹ́ mọ́ọ̀tì tàbí mínírà tí a ń mu díẹ̀díẹ̀. Ṣíngọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà sàn ju gbogbo wọn lọ, bí àgbọ̀n kò bá tètè rẹ̀ onítọ̀hún. Omi lásán tí a ń tọ́ wò díẹ̀díẹ̀ náà dára. Ẹ bá wa sọ ọ́, torí bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, á ní òyìnbó ti bà mí jẹ́.

Níbí, wọ́n lè kọ ọṣẹ ìfọyín kan fún irú wa tí fluoride rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, pọ̀ ju ti ọjà lọ. Ti ọjà sábà máa ń wà láàárín 1,350 sí 1,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan); èyí tí dókítà ń kọ jẹ́ 2,800 tàbí 5,000. Bí kò bá sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ti ọjà náà ṣì wúlò bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé ká tu ìfófò rẹ̀ dànù, ká má sì fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ṣòro fún àwa Yorùbá láti gbà. Wọ́n tọ́ wa pé ẹnu tí a ò fi omi ṣàn kò tíì mọ́.

Ọ̀rọ̀ orín, ìyẹn pákò, wá ńkọ́? Mo fẹ́ràn orín. Ìyá mi kò mọ búrọ́ọ̀ṣì, orín ata ló fi dàgbà, eyín rẹ̀ pé lẹ́nu títí ó fi di arúgbó. Ṣùgbọ́n orín gba ọwọ́ tó lágbára àti àgbọ̀n tó lè jẹ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè fi gún ara rẹ̀ lẹ́rìgì, ẹni tí iṣan ojú ń mú kò sì lè jẹ ẹ́ rárá. Àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì lè mú un, kí wọ́n fi orín sí i, kí wọ́n má fi ṣe gbogbo rẹ̀. Fún àwọn yòókù, búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, tí a fi fóòmù tàbí aṣọ àtijọ́ we ní ìdí kó lè nípọn, rọrùn láti dì mú. Èyí tó ń lo bátìrì ń ṣiṣẹ́ fún ọwọ́ tó ti rẹ̀, àfi pé gbígbọ̀n rẹ̀ lè dá ìrora iṣan ojú sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìrora náà lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ búrọ́ọ̀ṣì, kó dúró di ìgbà tí oògùn rẹ̀ ti wọra, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí kò dùn ún. Kò sí òfin tó ní ká dúró fọ eyín. Ìdajì agbára tí mò ń ná lórí dídúró níwájú díńgí ló padà wá bá mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Àwọn tí ẹlòmíràn ń bá fọ eyín, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa tiwọn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Nílé, ọmọ tàbí ìyàwó ló ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Wọ́n á dúró níwájú aláìsàn, wọ́n á ti orí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á bu omi sí i lẹ́nu, omi á sì ta á lórí. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n dúró sí, kí àgbọ̀n aláìsàn wálẹ̀ díẹ̀ sí àyà, kí ọṣẹ náà kéré bí ẹ̀wà kan, irú èyí tí kì í fófòó púpọ̀ bí wọ́n bá rí i. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n yẹra fún un. Ibẹ̀ gan-an ló ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Bí ẹ bá lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ẹni tó bá aláìsàn wá, ẹ máa dín wàhálà ara yín kù lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ yín, ooru ni ọ̀tá wa àkọ́kọ́. Bí ara ẹni tó ní MS bá gbóná díẹ̀ péré, ojú lè ṣú, ẹsẹ̀ lè kọ̀ láti rìn, títí ara á fi tún tutù. Ọdún 1890 ni dókítà ojú ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Wilhelm Uhthoff ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Yàrá ìdúródè tí iná ti lọ, tí èèyàn ogún ń fi páálí fẹ́ ara wọn, ti tó láti sọ aláìsàn tó fẹsẹ̀ rìn wọlé di ẹni tí wọ́n máa gbé jáde. Ẹ fún wa ní àárọ̀ kùtù. Ẹ jẹ́ ká lọ tọ̀ ká tó jókòó. Ẹ má tẹ́ àga náà sílẹ̀ pátápátá, nítorí ọ̀fun ẹlòmíràn nínú wa kò lè gbé itọ́ mì dáadáa mọ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹnu sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Àgbọ̀n wa tètè ń rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sinmi. Ẹ pín iṣẹ́ ńlá sí ọ̀nà méjì. Bí ẹ bá parí, ẹ má jẹ́ ká dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn iṣan wa máa ń mú òòyì kọ́ni. Abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń pa ẹnu kú kò ní mú kí MS burú sí i, ẹ má bẹ̀rù láti lò ó. Kòkòrò àrùn tí a fi sílẹ̀ nínú eyín tó jẹrà ló yẹ ká bẹ̀rù, nítorí ibà tó bá fà á lè da gbogbo ara rú.

Mo ní láti fẹnu kan ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì, nítorí wọ́n ń fi tan àwọn èèyàn wa. Ní 1990, ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà gbé obìnrin kan jáde tó ní òun yọ gbogbo ohun aláwọ̀ fàdákà tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi dí eyín òun, MS òun sì fúyẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn láti yọ ohun tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Kò sí ẹ̀rí pé yíyọ rẹ̀ ń wo MS sàn. Òótọ́ ni pé European Union ti fòfin de lílo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, ṣùgbọ́n nítorí mẹ́kúrì tó ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́ ni. Bí aláìsàn kan bá wá bá yín pẹ̀lú irú ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba owó rẹ̀.

Ó wá ku ohun kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè ṣe dáadáa ju àwọn tó wà níbí lọ. Ní Britain, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti oníṣègùn eyín, ọ̀nà wọn jìn síra, wọn kì í sábà kọ̀wé síra wọn. Lọ́dọ̀ yín, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló ń forúkọ gbogbo yín sílẹ̀, ìyẹn Medical and Dental Council of Nigeria. Ní UCH, ní LUTH, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ifẹ̀, inú ọgbà ilé ìwòsàn kan náà lẹ ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi aláìsàn MS ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń tẹ àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ rì, irú bí ocrelizumab tí wọ́n ń fà síni lára ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹ ti fa èyí tó yẹ ní fífà, kí ẹ sì ti dí èyí tó yẹ ní dídí. Bí àìsàn náà bá ru tí wọ́n fún un ní steroid, kí wọ́n sọ fún un pé bí ohun funfun bí wàrà bá bo ahọ́n rẹ̀, kó wá. Ẹni tó ti lo steroid pẹ́, tí wọ́n wá ń fún ní oògùn egungun, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó fa eyín rẹ̀, torí egungun àgbọ̀n rẹ̀ lè kọ̀ kó má jiná.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná ẹgbẹ́ lówó púpọ̀. Ìwé tí aláìsàn ń kọ orúkọ sí nígbà tó bá kọ́kọ́ dé, èyí tó ń béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti oyún, ẹ fi ìbéèrè méjì kún un: ǹjẹ́ àìsàn ọpọlọ tàbí ti iṣan ìmọ̀lára kankan ń ṣe ọ́, àti pé oògùn wo lò ń lò báyìí, títí kan èyí tí o rà fúnra rẹ? Ẹ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá náà, nítorí àwọn ìyá wa. Nígbà ìpàdé gbogbogbòò yín tó ń bọ̀, ẹ pe oníṣègùn ọpọlọ kan wá kó bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìrora iṣan ojú. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín wà níbẹ̀, torí àwọn ló sábà máa ń di irin ìfayín mú.

Bí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ kí ẹni tí MS ń ṣe wo ìbéèrè náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ níbí ti ṣe tán, a ó sì kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ní MS, gúúsù London